Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Bébà Ṣe Òdòdó Nílé, Kódà Tẹ́ Ò Bá Tíì Ṣe É Rí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan fún yín. Òdòdó bébà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, àbúrò mi mú un, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá bi mí pé ṣé kóun bá mi jù ú sínú bíìnì ni. Inú bí mi o, àmọ́ kò parọ́. Bébà tó dáa ni mo rà, gọ́ọ̀mù tó dáa ni mo lò, mo sì gé e dáadáa, ibi tí mo ti ṣì í ò ju pé mo kàn gé bébà tán mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, mi ò ká etí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Òdòdó gidi kì í sì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tó yé mi pé kéèyàn ká etí bébà sẹ́yìn, kó sì tẹ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ìgbà yẹn ni tèmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ òdòdó.

Oríṣi mẹ́ta ni màá ṣàlàyé dáadáa, mo tò ó láti orí èyí tó rọrùn jù, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nǹkan tó ń kọ́ ọwọ́ èèyàn. Àkọ́kọ́ á kọ́ yín béèyàn ṣe ń ṣí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láì fà á ya, ìkejì á kọ́ yín béèyàn ṣe ń yí bébà kó má tú, ìkẹta, ìyẹn róòsì, òun ló máa kọ́ yín béèyàn ṣe ń ká etí. Tẹ́ ẹ bá ní róòsì nìkan ló wù yín, kẹ́ ẹ fo méjì àkọ́kọ́, kò burú, àmọ́ ẹ má wá bínú sí mi tó bá rí wúruwùru.

Ọ̀rọ̀ kan ká tó bẹ̀rẹ̀, kó má báa dà rú mọ́ wa lójú. Tí mo bá ti ní "ewé òdòdó", àwọn ewé aláwọ̀ tó yí àárín òdòdó ká ni mò ń sọ, èyí tó máa ń pupa tàbí kó funfun tàbí kó jẹ́ yẹ́lò. Ewé ti ara igi ẹ̀, "ewé gírínì" ni màá pè é.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Kò pọ̀ rárá. Bébà (mo ń bọ̀ lórí ìyẹn), sísọ́ọ̀sì tó mú, pẹ́ńsù, rúlà, gọ́ọ̀mù funfun tó máa ń dà bíi wàrà, òwú tàbí wáyà tínrín. Ó tán. Sísọ́ọ̀sì tó mú yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, èyí tó ti kú máa ń jẹ bébà jẹ ni, kì í gé e, etí òdòdó yín á wá rí bí ibi tí eku ti jẹun. Tẹ́ ẹ bá lè ní sísọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ pé bébà nìkan lẹ ń fi gé, ẹ ní in, kẹ́ ẹ sì gbé e pa mọ́ fáwọn ará ilé tó máa fi gé ọ̀rá.

Tó bá kan gọ́ọ̀mù, èyí tó funfun yẹn tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pípẹ́ tó ń pẹ́ yẹn gan-an ló dáa, torí ẹ ṣì lè sún ewé òdòdó tó bá wọ́. Gọ́ọ̀mù gbígbóná tí wọ́n ń fi ìbọn iná yọ́ máa ń yá o, kíá ló ń mú, àmọ́ ó máa ń jó èèyàn lọ́wọ́, ó sì máa ń fa okùn tíntìntín bíi ti aláǹtakùn káàkiri ara òdòdó. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó ṣá, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé dá a lò, tó bá sì jó yín, ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó tutù, kí omi máa ṣàn lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín, omi ni.

Bébà ló ń ṣe bébà

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé bébà kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Bébà tíṣù ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe tíṣù tá a fi ń nu ẹnu o, èyí tí wọ́n máa ń fi wé ẹ̀bùn ni, tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ máa rí ọwọ́ yín lódìkejì ẹ̀. Ó máa ń ya kíákíá ṣùgbọ́n ó máa ń wú sókè, òun la máa fi ṣe òdòdó àkọ́kọ́. (Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ fi dánra wò, tíṣù ìnuwọ́ náà á ṣiṣẹ́, á kàn jẹ́ kékeré ni.)

Bébà A4 lásán tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nìkejì, tó sábà máa ń jẹ́ 80 gíráàmù (ìyẹn ìwúwo bébà tó bá fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó). Ó dáa fún ìkọ́ṣẹ́, kò wọ́n, ó sì máa ń gbọ́ràn. Tẹ́ ẹ bá rí aláwọ̀ tó nípọn díẹ̀, bí 120 gíráàmù, ẹ mú un, torí tẹ́ ẹ bá ká a, ó máa ń dúró síbi tẹ́ ẹ ká a sí. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ mú kádíbọ́ọ̀dù líle o, etí ẹ̀ á kàn máa sán ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a, ẹ máa rí ìlà funfun níbi tó ti sán.

Ìkẹta ni bébà kírépù, èyí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ lára bí awọ tó hunjọ. Òun máa ń nà bíi rọ́bà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń nà sí. Ẹ fà á síhìn-ín, kò ní nà, ẹ fà á sọ́hùn-ún, á nà. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn á gé gbogbo ewé òdòdó ẹ̀ sódì, á wá máa sọ pé bébà ló ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Bébà A4 náà ní ọ̀nà tiẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò hàn ni. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́ ní gígùn láì ṣẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìbú. Ọ̀nà tó ti rọ̀ jù lọ́wọ́ yín, ọ̀nà yẹn náà ló ti máa ká jẹ́jẹ́ láì dá pàkàpàkà. Ìṣẹ́jú kan ò ní kọjá lórí ẹ̀, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan.

Òdòdó àkọ́kọ́: èyí tó ń wú bíi òwú

Ẹ gé bébà tíṣù mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kó sì fẹ̀ tó 15. Ẹ lè pa àwọ̀ méjì pọ̀, àwọ̀ tó bá wà lókè pátápátá ló máa di àárín òdòdó. Ẹ tò wọ́n léra kí etí wọn dọ́gba.

1. Bẹ̀rẹ̀ láti etí tó kúrú (èyí tó jẹ́ 15 yẹn), ẹ ṣẹ́ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí abẹ̀bẹ̀, ká ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ ẹ síwájú, ẹ yí i padà, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, bí pílíìtì ara síkẹ́ẹ̀tì, títí bébà á fi tán. Ẹ máa fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan kó hàn.

2. Ní báyìí ó ti di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó 15. Ẹ wá àárín ẹ̀, ẹ fi wáyà tínrín wé e, ẹ lọ́ ọ pọ̀ lábẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìrù wáyà yẹn gùn torí òun ló máa di igi òdòdó. Tó bá jẹ́ òwú lẹ ní, ẹ so ó. Kó fún, àmọ́ kó má fún débi pé àárín ẹ̀ á rún wọnú.

3. Ẹ gé orí ọ̀pá náà méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá gé e roboto, òdòdó tó rọ̀ lójú lẹ máa rí, tẹ́ ẹ bá gé e ṣóńṣó, á jọ òdòdó tí wọ́n ń pè ní dálíà. Tẹ́ ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì là á wẹ́wẹ́ bíi ìgbálẹ̀ kékeré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 wọlé lọ, á rí yàwìrì bí òdòdó inú igbó. Èmi fẹ́ràn èyí tó ṣóńṣó.

4. Ẹ wá ṣí i bí abẹ̀bẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bébà kọ̀ọ̀kan sókè, láti orí èyí tó wà lókè jù lọ.

Orí nọ́ńbà 4 yìí ni gbogbo èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́. Wọ́n á kù gìrì mú bébà náà létí, wọ́n á fà á, ó ti ya. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, àbí? Ẹ má di etí ẹ̀ mú. Ẹ ti ìka àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá bọ àárín bébà méjì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé itòsí ibi tẹ́ ẹ ti so ó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ gbé e dìde, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e jáde síta díẹ̀díẹ̀. Ẹyọ kan lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì, kó máa lọ ní dídọ́gba. Tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i díẹ̀, á ya ara ẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ má gbé wọn dìde tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ síta díẹ̀, àwọn ló máa dà bí àwo tí òdòdó jókòó lé.

Tó bá ya, kò burú. Ẹ yí ibi tó ya sẹ́yìn. Bébà mẹ́jọ ló wà ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Òdòdó kejì: èyí tá a gé bí ìkarahun ìgbín

Èyí ò gba àkókò, tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, ogún ẹ̀ lẹ lè ṣe lórí ìjókòó kan. Ẹ fi ọmọ àwo kan ya òbìrípo lórí bébà A4, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gé e jáde. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti etí wọlé, kó máa yí ká, kó máa yí ká, bí ìlà ara ìkarahun ìgbín, kí fífẹ̀ ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1.5 sí 2 sẹ̀ǹtímítà, títí á fi ku òbìrípo kékeré kan láàárín tó fẹ̀ tó owó ẹyọ ńlá kan. Ẹ má gé ìyẹn dànù o! Òun ni ìdí òdòdó.

Ìlà yín ò gbọ́dọ̀ gún régé. Kódà ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi, torí etí tó bá gún jù ló máa ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé bébà ni.

Tẹ́ ẹ bá ti gé e tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti ìpẹ̀kun tó wà níta. Ẹ̀yìn pẹ́ńsù lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lásán, kí ibẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún dáadáa torí òun ló máa di àárín. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí i lọ, ẹ ṣọ́ etí tó kọjú sí àárín òbìrípo, òun ni ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dọ́gba lórí tábìlì. Òkè lè ṣe bó ṣe fẹ́, ìsàlẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gun ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ìparí, òbìrípo kékeré yẹn ló kù lọ́wọ́ yín, tó so mọ́ ìsàlẹ̀.

Àṣírí ibẹ̀ rèé: kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ tú ọwọ́ yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí. Fúnra ẹ̀ á ṣí jáde, tó bá ti tó bí ẹ ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ dì í mú padà, kẹ́ ẹ wá da gọ́ọ̀mù tó pọ̀ díẹ̀ sórí òbìrípo yẹn, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ bo ìdí òdòdó, kí gbogbo ojú ìdí ẹ̀ fara kan gọ́ọ̀mù. Ẹ dì í mú, ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi í sílẹ̀ ní ogún torí ó ń súni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ogún, pẹ̀ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tú jáde bíi sípíríǹgì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òdòdó kẹta: róòsì

Ó yá. Ẹ gé bébà mẹ́ta tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10. Mẹ́ta yìí, òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n máa di.

Mú ọ̀kan, ṣẹ́ ẹ sí méjì, tún un ṣẹ́ sí méjì kó di igun mẹ́rin kékeré. Ẹ wò ó dáadáa, igun kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé ṣí, òun ni àárín bébà. Ẹ di igun yẹn mú, ẹ ṣẹ́ bébà náà ní dágónà, ìyẹn láti igun yẹn lọ sí igun tó dojú kọ ọ́, kó di igun mẹ́ta, kí igun tí kò ṣeé ṣí yẹn jẹ́ ṣóńṣó ìsàlẹ̀. Nísinsìnyí ẹ fi pẹ́ńsù ya orí ewé òdòdó sí apá tó fẹ̀, roboto bí orí ṣíbí, kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ṣùgbọ́n kó má kọjá ìdajì. Tó bá kọjá ìdajì, ewé á kàn máa fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀, tó bá wá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ẹ̀ á já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ gé e. Ẹ wá bu ṣóńṣó ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, tíńtín bíi mìlímítà 3. Ẹ ṣí i. Ewé òdòdó mẹ́jọ, ihò kékeré láàárín. Ẹ ṣe méjì tó kù bákan náà.

Ibi tó ti ń dà bí idán rèé. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ gé ewé kan kúrò, á ku méje. Nínú ìkejì, ẹ gé ewé méjì tó so pọ̀ kúrò, á ku mẹ́fà. Nínú ìkẹta, ẹ gé mẹ́ta tó so pọ̀ kúrò, á ku márùn-ún. Àwọn tẹ́ ẹ gé kúrò, ẹ má jù wọ́n nù. Tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ ní ègé mẹ́fà níwájú yín báyìí: méje, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan.

Ẹ dúró o. Gọ́ọ̀mù ò tíì kàn. Ẹ̀rí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n fo ibí. Kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan kan, ẹ ká etí. Ẹ mú ewé òdòdó kan, ẹ fi pẹ́ńsù sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ wé orí ewé náà mọ́ pẹ́ńsù sẹ́yìn, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta òkè ẹ̀ lọ, ẹ fa pẹ́ńsù yọ. Ẹ wò ó: orí ẹ̀ á ti tẹ̀ sẹ́yìn bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀, mẹ́rìnlélógún. Àwọn tó wà lórí ègé ńlá, ẹ ká wọn jìnnà, àwọn orí ègé kékeré, ẹ ká wọn díẹ̀, torí nínú róòsì gidi, àwọn tòde ló máa ń ṣí, tinú ṣì máa ń sùn. Ẹ tún lè má ká gbogbo ewé gúngún, ẹ ká igun ọ̀tún ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ká igun òsì ẹ̀, kí àárín orí ẹ̀ yọ ṣóńṣó fẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi imú gbóòórùn ẹ̀. Bébà kẹ̀!

Ẹ lè wá mú gọ́ọ̀mù báyìí. Mú ègé oníméje, fi gọ́ọ̀mù sórí ewé tó wà ní ìpẹ̀kun kan, ẹ gbé ewé ìpẹ̀kun kejì gùn ún, kí wọ́n bo ara wọn tán. Ègé náà á gbéra nílẹ̀, á rí bíi kóònù tó tẹ́jú. Ẹ ṣe onímẹ́fà bẹ́ẹ̀, onímárùn-ún bẹ́ẹ̀, onímẹ́ta náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé bó ṣe ń kéré sí i ló ń ṣóńṣó sí i. Oníméjì, ẹ kúkú yí i kó di kóònù tó fún. Ẹlẹ́yọ kan, ẹ yí i fún gan-an bí ẹni ń wé ẹní, ẹ fi gọ́ọ̀mù tíńtín mú un. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbẹ. Ẹ lọ mu omi.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ìta wá sínú. Fi gọ́ọ̀mù sí ìsàlẹ̀ onímẹ́fà, ẹ gbé e bọ inú oníméje, kí ewé ẹ̀ bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín ewé méjì tìsàlẹ̀, kì í ṣe kó gun ewé lórí gan-an. Onímárùn-ún bọ inú ìyẹn, onímẹ́ta, oníméjì, ẹlẹ́yọ kan. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáyà ṣe igi ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka apá "Igi àti ewé gírínì" nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi oníméjì sí i.) Tí ègé kan bá yọ sókè jù, tí kò fẹ́ wọlé, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni ihò ẹ̀ kéré, ẹ fi sísọ́ọ̀sì bu etí ihò yẹn díẹ̀ sí i, á sọ̀ kalẹ̀. Níparí, ẹ fi ìka tẹ gbogbo ẹ̀ jọ láti ìta, jẹ́jẹ́, bí ẹni dì nǹkan sọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá tú u. Tí ewé kan bá wọ́, ẹ fi pẹ́ńsù tún un ká.

Tẹ́ ẹ bá ní kírépù

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀ tí ọwọ́ yín bá ti mọ róòsì. Ẹ gé ewé òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìlà ara bébà náà máa lọ láti ìdí ewé sí orí ẹ̀, ìlà kò gbọ́dọ̀ dábùú. Ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì sáàárín ewé náà, kẹ́ ẹ fà á sọ́tùn-ún sósì. Àárín ẹ̀ nìkan lẹ máa fà, ẹ má fa etí. Á jìn wọnú bí ìdí ṣíbí. Ewé kékeré mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wé mọ́ orí wáyà, kẹ́ ẹ wá fi ńlá márùn-ún yí i ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun etí ìkejì ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi òwú dè é nídìí bẹ́ ẹ ṣe ń tò ó. Ẹ má fa ewé kan náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kírépù tó bá ti nà tán kì í padà, á kàn rọ̀ jọwọlọ ni. Ọwọ́ tó tutù náà ń bà á jẹ́, ẹ nu ọwọ́ gbẹ.

Igi àti ewé gírínì

Wáyà ló dáa jù fún igi. Kí ti igi nípọn díẹ̀ kó lè gbé orí òdòdó, tí òdòdó bá ń tẹrí ba bí ẹni tó ń sùn ní ìjókòó, wáyà yín ló tínrín jù, ẹ fi méjì lọ́ ara wọn. Ti róòsì, ẹ tẹ orí wáyà kó ká bíi ìkọ́, ẹ ti ìdí kejì gba ihò àárín òdòdó láti òkè kó tó di pé ẹ fi ẹlẹ́yọ kan àti oníméjì sí i, ìkọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kó já bọ́. Tẹ́ ò bá ní wáyà rárá, ẹ mú bébà A4 gírínì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti igun kan dé igun kejì mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ lẹ igun tó gbẹ̀yìn, ẹ fa igi yọ. Igi bébà yẹn lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tépù gírínì tí àwọn tó ń to òdòdó máa ń lò wà, ọ̀pọ̀ èèyàn á rà á, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní kì í lẹ̀, wọ́n ti ta irọ́ fáwọn. Kì í ṣe irọ́. Àfi tẹ́ ẹ bá fà á kó tó lẹ̀, ìda inú ẹ̀ ló ń jáde nígbà tó bá nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí òdòdó, ẹ fi ọwọ́ kan máa fà á, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì máa yí wáyà, kí tépù dagun díẹ̀, á máa wé ara ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Tẹ́ ò bá rí i rà, ẹ gé kírépù gírínì tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á fẹ́rẹ́, ẹ wé e bákan náà.

Ewé gírínì: ẹ ṣẹ́ bébà sí méjì, gé ìlàjì ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìṣẹ́po, ẹ má tíì ṣí i. Bó ṣe wà ní ìṣẹ́po yẹn, ẹ ṣẹ́ ẹ ní dídagun wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ṣí i. Iṣan ewé á hàn lára ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Méjì tó fún òdòdó kan, kẹ́ ẹ má lẹ̀ wọ́n síbi kan náà lára igi, kí ọ̀kan ga ju ìkejì lọ.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

Gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù. Òun ló wọ́pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù funfun ní omi nínú, tó bá pọ̀ lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bébà á hunjọ, àwọ̀ ẹ̀ á sì ṣàn. Ẹ da díẹ̀ sórí ìdérí ike, kẹ́ ẹ máa fi orí igi ìtayín fà á, ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ti tó.

Òdòdó tó dọ́gba jù náà ń bani lójú jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan tóbi, kí ọ̀kan kéré, kí ọ̀kan má tíì ṣí tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to wọ́n sínú ìgò, mẹ́ta tàbí márùn-ún tàbí méje máa ń wu ojú ju mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ, ẹ tò ó wò, ẹ ó rí i. Kẹ́ ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ sídìí ìgò náà kó má ṣubú, torí bébà ò wúwo, kò sì sí omi níbẹ̀ tó máa dì í mú.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì. Oòrùn ojú fèrèsé máa ń fọ àwọ̀ bébà, pàápàá tíṣù àti kírépù, kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, pupa á ti di píǹkì. Ẹ má gbé e sítòsí àbẹ́là tàbí gílóòbù tó ń gbóná, bébà ni, iná kì í bẹ̀ ẹ́. Tí eruku bá bò ó, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ojú, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ yí i sí atẹ́gùn tútù, kẹ́ ẹ mú un jìnnà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o pa mọ́, ẹ rún bébà tíṣù tó ṣẹ́ kù yẹn sínú páálí, kí orí òdòdó kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ìtẹ́ tiẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé ọ̀kan lé ìkejì, tó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan tẹ̀ nínú páálí, pẹ́ńsù yẹn náà ni, ẹ tún etí ẹ̀ ká.